Màámi, Mo Sọ Pé N Kò Mọ Ìyá Kúdí

Màámi, ẹ̀yin tí ẹ fi ewé eéran tọ́ mi dàgbà,

Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ ni mo ń kọ ìwé yìí sí yín. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo ti jókòó, mo ti dìde, mo ti tún jókòó. Mo gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá láàárọ̀. Mo ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, mo tì í, mo tún ṣí i. Ẹni tó bá wò mí láti ìta á rò pé àlejò ni mo ń retí. Bí ara mi ṣe rí nìyẹn láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin, kò gba ìjókòó, kò gba ìdùbúlẹ̀, àfi bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Níkẹyìn mo sọ fún ara mi pé ẹ̀yin ló yẹ kí n bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ilẹ̀ tí mo ń gbá.

Ọdún kẹrin rèé tí ẹ ti lọ, n kò sì kọ nǹkan kan sí yín rí. Ẹ kò mọ̀wé kà. Nígbà tí ẹ wà láyé, èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n yín bá kọ láti Ìjẹ̀bú, ẹ ó sì ní kí n tún ibi tí wọ́n ti kí yín kà, kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Nítorí náà, bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo ń kà á sókè. Èmi nìkan ni mo wà nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe, kí n má baà fi ìròyìn bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n mú Ìyá Kúdí wá síwájú mi, Ìyá Kúdí ọ̀rẹ́ yín, tí ẹ jọ ń já ewé nínú àbàtà Ògbà láti ìgbà tí mo wà lẹ́yìn yín. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ wọ́n. Mo ní n kò mọ̀ wọ́n.

Ó ti jáde lẹ́nu mi wàyí. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí ilé-iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ń bá wọn tẹ ìwé ní Ìkẹjà, tí ẹ máa ń fi fèrè rẹ̀ mọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́. Fèrè náà kò dún mọ́. SAP, ètò ọrọ̀-ajé tí àwọn ṣọ́jà gbé dé, ló pa á. Òwú tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun di ọ̀wọ́n gógó, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn èèyàn dúró. Èmi ni mo tẹ ìwé ìdádúró àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó kan àwọn tó tẹ̀lé wọn, ẹlòmíràn ló tẹ tèmi. N kò sunkún. Mo ká ìbòrí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, mo gbé e lé orí tábìlì, mo sì bọ́ síta. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tó ń rìn. Mo ń rìn láti ilé wa ní Agége dé Allen, láti Allen dé Maryland, mo ń fi ìwé ìbéèrè-fún-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣí i wò.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ẹsẹ̀ mi gbé mi gba ọ̀nà ẹ̀yìn àwọn ilé-iṣẹ́ lọ sí Ògbà, ọ̀nà tiyín. N kò rò ó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé bèbè àbàtà, mo rí àwọn èèyàn bíi mẹ́wàá nínú omi, bàtà rọ́bà dé orúnkún wọn, wọ́n ń fa nǹkan jáde nínú ẹrẹ̀. Mo rò pé òkú ni wọ́n ń wá. Ṣé ẹ mọ̀ pé náílọ́ọ̀nù ni? Náílọ́ọ̀nù, agolo, táyà, àpò sìmẹ́ǹtì. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń darí wọn, dókítà ojú tó ti fẹ̀yìntì, ó ń gbé ní GRA. Dókítà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó kí mi, ó sì na awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sí mi.

Ó ní, “Wo ẹ̀yìn koríko yẹn. Má mi.”

Mo wò ó. Ẹyẹ kan dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó funfun, ọrùn rẹ̀ gùn, ó ń wo omi bí ẹni tó sọ nǹkan nù síbẹ̀. Màámi, ìgbà mélòó ni mo ti rí irú ẹyẹ yẹn nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tilẹ̀ rò ó sí nǹkan kan? Ṣùgbọ́n nínú awò yẹn, mo rí bí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ṣe ń mì nínú afẹ́fẹ́. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti lé mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dúró sójú kan.

Wọ́n sọ fún mi pé àwọn yọ̀ǹda ara wọn ni, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Wọ́n fẹ́ kí àbàtà náà di ọgbà, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa wá wo ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́ níbẹ̀, kí àwọn tó ń wá ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ má baà fi yanrìn dí i. Káńsù ti fún wọn láyè kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ wò. Dókítà bi mí bóyá mo mọ àdúgbò náà tẹ́lẹ̀.

Mo ní, “Rárá sà. Mo kàn ń kọjá ni.”

Kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Irọ́ náà kéré, bí ìpẹ́ ẹja ni, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó mọ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo mọ ìwé tẹ̀, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé. Ní gbogbo Sátidé mo wà níbẹ̀. A ń kó ìdọ̀tí, a ń la ọ̀nà tóóró, a ń kọ orúkọ ẹyẹ sínú ìwé. Inú mi dùn, Màámi. N kò níí purọ́ fún yín lórí ìyẹn. Wọ́n ń pè mí ní “Akọ̀wé wa,” mo sì ń jẹ́ wọn lóhùn.

Ẹnì kan wà nínú wọn tí a ń pè ní Tísà, ọmọ Èkìtì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama nípa ohun ẹlẹ́mìí. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn ẹyẹ tó o. Òun ló kó ọ̀rọ̀ àwọn eléwé dé ìpàdé. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Dókítà lọ́jọ́ náà. Tísà ní òun rí ìtẹ́ ẹyẹ tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹyin mẹ́ta ló fọ́. Ó ní àwọn obìnrin tó ń wọ inú àbàtà já ewé ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì ti ń jẹ igbó náà tán. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n nígbà tó ń sọ nípa ẹyin yẹn. N kò lè pè é ní ìkà.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí òun kò mọ̀. Mo mọ̀ pé tí ẹ bá rí ìtẹ́, ẹ máa ń so koríko ní kókó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lè yà fún un. Mo mọ̀ pé ẹ kì í já ewé méjì lórí ìdí kan lọ́jọ́ kan náà. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn ló ń wá láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ń fi àdá ṣá a bí ẹni ṣán oko, ẹ sì máa ń bá wọn jà. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ahọ́n mi. Ohun tó kù ni kí n ní, “Ìyá mi wà lára wọn.” Mo gbé mínírà tí wọ́n fún mi, mo fi gbé e mì.

Ìpàdé fẹnu kò. Èmi ni mo tẹ ìwé òfin náà. Wọ́n fún alágbà kan tó ń kun pátákó, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà, wọ́n sì rì í mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ béèrè. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo gbàgbé ìwé ìṣirò mi sílé, tí ẹ gbé e wá fún mi ní ilé-ìwé girama? Ẹ ti àbàtà wá tààrà. Ẹrù ewé wà lórí yín, omi ń kán láti ara rẹ̀ sí èjìká yín, ẹrẹ̀ gbẹ dé àárín ojúgun yín. Àwọn ọ̀rẹ́ mi bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé ni. Mo rò pé ohùn mi kò jìnnà. Ẹ wá súnmọ́ mi, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí mi, ẹ ní, “Ẹ gba ìwé yín, mà.”

Màámi, ẹ fi “ẹ” kí mi. Ìyá tó bí mi fi “ẹ” kí mi, ó yí padà, ó ń lọ. Ní alẹ́ náà ẹ bu ọbẹ̀ fún mi, orí ẹja wà nínú àwo mi bí ó ti máa ń wà. Ẹ kò sọ nǹkan kan, lọ́jọ́ náà, lọ́dún náà, títí ẹ fi kú. Ṣé ẹ gbọ́ mi ni? Àbí àwàdà ni ẹ fi ṣe? Ṣé ẹ ṣe é láti gbà mí lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi, tàbí láti jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ gbọ́? Mo ti yí i síwá sẹ́yìn títí. Méjèèjì ń dùn mí bákan náà.

Ìdí rèé tí mo fi mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà kì í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí a rì pátákó náà ni mẹ́gáàdì ilé Dókítà, tó ń bá wa ṣọ́ ọgbà, mú Ìyá Kúdí. Oòrùn mú. Gbogbo wa dúró sábẹ́ igi, a ń mu omi. Ó ń mú wọn bọ̀, ó di apá aṣọ wọn mú, òun fúnra rẹ̀ sì gbé ẹrù ewé náà lé èjìká. Wọ́n ti gbó sí i, Màámi. Ìborùn wọn tutù mọ́ wọn lórí.

Mẹ́gáàdì ní, “Ọ̀gá, mo ti mú wọn o. Ẹ wo ewé!”

Dókítà dìde fún wọn, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ ò rí pátákó ni?”

“Mo rí i. Ta ni yóò kà á fún mi?”

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú wọn kò kúrò lára mi. Wọn kò rẹ́rìn-ín, wọn kò fajú ro. Wọ́n kàn ń wò mí bí ẹni tó rí ọ̀nà ilé. Dókítà rí i.

Ó bi mí pé, “Akọ̀wé wa, ṣé o mọ ìyá yìí? Wọ́n ń wò ọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́.”

Mo ní, “Rárá sà. Mi ò mọ̀ wọ́n.”

Ìyá Kúdí mi orí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, “Òótọ́ ló sọ. Mo ṣì í mú ni. Ọmọ tí mo rò pé ó jẹ́, ìyá rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn.”

Wọ́n tún ìborùn wọn so, wọ́n sì lọ. Wọn kò béèrè ewé wọn. Mẹ́gáàdì dà á sórí ààtàn tí a kó jọ, sórí náílọ́ọ̀nù àti agolo. Títí a fi parí iṣẹ́, ọ̀nà ibẹ̀ ni mò ń gbà kọjá, mo sì ń rí i bó ṣe ń ká, tó ń pọ́n rúsúrúsú. N kò yà á sọ́tọ̀. N kò ṣe ohunkóhun.

Láti ìgbà náà ni ara mi kò ti balẹ̀. Mo lọ sí ilé wọn nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, lẹ́yìn ojú irin. Kúdí, ọmọ wọn, ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní wọ́n ti wà ní Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, pé ṣàkì ni wọ́n ń bá àwọn alápatà fọ̀ báyìí, nígbà tí kò sí ewé mọ́. Obìnrin ọjọ́ orí wọn! Mo tọ̀ wọ́n lọ síbẹ̀. Wọ́n tẹ̀ba lé agbada omi, apá wọn wọ inú rẹ̀ dé ìgbúnwọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.”

Wọn kò gbórí sókè. “Ta ló ń kí mi?”

Mo dárúkọ mi.

“Mo mọ ẹnì kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ mí.”

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, pé omi ẹ̀jẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí. Mo ní n kò níí dìde àfi tí wọ́n bá foríjì mí. Nígbà náà ni wọ́n tó nàró, tí wọ́n wò mí lójú.

“Tèmi kéré,” wọ́n ní. “Èmi àgbà, mo ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ sin Oyínkán ìyá rẹ, ta lo rán sí wa? Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, a rò pé ara rẹ̀ ni kò yá. Ojoojúmọ́ là ń já ìpín tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún un, tí à ń fi omi wọ́n ọn, títí tó fi gbẹ. Ẹlẹ́kọ kan ló wá sọ fún wa lójú ọ̀nà pé wọ́n ti sin ín. Ilé yín jìnnà sí tiwa ni?”

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní èsì náà níhìn-ín, nítorí n kò lè sọ ọ́ lójú wọn. Mo rántí wọn, Màámi. Mo rántí wọn dáadáa. Mo jókòó pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ, a ń ka orúkọ àwọn tí a ó ránṣẹ́ sí, orúkọ Ìyá Kúdí sì wá sí mi lọ́kàn. Mo ro ti ẹsẹ̀ wọn lórí kápẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì fò ó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin yín láìsí ẹnì kan níbẹ̀ tó bá yín ṣiṣẹ́ rí.

Wọ́n padà sí ṣàkì wọn. Mo rìn láti Oko Ọba dé ilé láìmọ ọ̀nà tí mo gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òjò bẹ̀rẹ̀. Kò tíì rọ̀ tó bí ó ṣe máa ń rọ̀ tí omi àbàtà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ó dúró, kò ṣàn. Àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ẹja léfòó, òórùn gba gbogbo àdúgbò. Àwọn ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn náà kó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, omi wọ àwọn ilé tó wà lẹ́yìn ọgbà. Àwọn ará ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú ìbínú, obìnrin kan gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ tó ti rin gbindin dání, ó jù ú sílẹ̀ níwájú Dókítà. Wọ́n ní ẹyẹ là ń tọ́jú, èèyàn là ń pa. Ọkùnrin kan wá láti káńsù, ó wò yíká, ó sì sọ fún wa láìgbóhùn sókè pé bí omi náà kò bá lọ kí ọ̀sẹ̀ tó pé, típà ni yóò kó yanrìn wá, àbàtà náà yóò sì di ilẹ̀.

Ẹ̀ bá rí wa! A fi réèkì, a fi ṣọ́bìrì, a fi igi gígùn. A kò mọ ibi tí ó ti dí. Dókítà wọ inú omi dé itan. Tísà kò lọ sí ibi iṣẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ojú omi kan wà. Ẹ máa ń sọ ọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, pé ẹ̀ ń lọ la ojú omi, ẹ̀yin àti Ìyá Kúdí àti Ìyá Sàdíá. Ẹ ní tí ẹ kò bá là á, omi kò níí jẹ́ kí ẹ wọlé já ewé. Ṣùgbọ́n n kò bá yín débẹ̀ rí. Mo máa ń ní mo fẹ́ kàwé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, gbogbo wa jókòó sí bèbè, ó ti rẹ̀ wá. Mo dìde.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Mo mọ ìyá tí ẹ mú lọ́jọ́sí. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni. Eléwé ni ìyá mi, inú àbàtà yìí ló ti já ewé tó fi rán mi lọ sí ilé-ìwé. Àwọn ló máa ń la ọ̀nà omi yìí lọ́dọọdún. Àwọn tí a lé ni.”

Tísà fò dìde. “O mọ̀? O jókòó síbẹ̀, o mọ̀, o tún bá wa tẹ ìwé yẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

Kí ni mo fẹ́ dáhùn? Mo ní ojú ń tì mí. Ọ̀rọ̀ náà kéré púpọ̀ sí ohun tó gbé. Tísà kọ ẹ̀yìn sí mi. Dókítà bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún.

Ó ní, “A jẹ́ pé àlejò ni wá níbí. Lọ bẹ̀ wọ́n. Sọ pé èmi náà wà lórí ìkúnlẹ̀.”

Ní Oko Ọba, Ìyá Kúdí kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

“Ilé àwọn tí omi wọ̀, ọmọdé wà níbẹ̀?”

“Wọ́n wà níbẹ̀, mà.”

Wọ́n ṣan ọwọ́. “Kì í ṣe nítorí tìẹ o.”

Wọ́n pe Ìyá Sàdíá ní ọ̀nà. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, wọ́n dúró níwájú pátákó. Gbogbo àwọn ará wa ti pé, àwọn ará àdúgbò náà sì wà níbẹ̀.

“Kà á fún mi,” wọ́n ní.

Mo kà á. Mo ka ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ fúnra mi, sókè, lójú gbogbo èèyàn, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já ewé níhìn-ín, pé ẹni tí a bá mú yóò rí ìjìyà. Wọ́n dúró títí mo fi kà á dé òpin.

“Ta ló kọ ọ́?”

“Èmi ni, mà.”

“Sọ fún wọn, ọmọ ta ni ọ́.”

Mo yíjú sí wọn. Mo ní, “Ọmọ Oyínkán ni mí. Oyínkán eléwé, tó ń já ewé eéran nínú àbàtà yìí.” N kò mọ ìdí tí mo fi tún un sọ, ṣùgbọ́n mo tún un sọ.

Ìyá Kúdí ká ìró wọn, wọ́n wọ inú omi. Dókítà na bàtà rọ́bà sí wọn, wọ́n ní ẹsẹ̀ ni ojú àwọn. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kiri, Ìyá Sàdíá ní ọ̀tún, àwọn ní òsì, títí wọ́n fi dúró níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tilẹ̀ wò, lábẹ́ ìdí igi kan tó wó sí ọ̀nà ihò kọnkéré tó gba abẹ́ títì kọjá. Wọ́n ní, “Òun rèé.” Mo bọ́ bàtà, mo tọ̀ wọ́n. Tísà náà wọlé. A ń fa gbòǹgbò, a ń fa náílọ́ọ̀nù tó ti di okùn, a fa àkísà kan tó gùn bí ejò. Omi dé àyà mi. Ìyá Kúdí ń sọ fún wa ibi tí a ó gé àti ibi tí a kò gbọdọ̀ gé. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn kan lábẹ́ omi, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá gbé omi mì. Lẹ́yìn náà mo rí i pé omi ń fa ìró mi lọ síwájú.

Ariwo tí àwọn ará àdúgbò pa! Tísà ń sunkún, ó ń fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ nu ojú rẹ̀.

Típà kò wá. N kò mọ̀ bóyá yóò wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ìjọba ṣọ́jà ni, bí ọ̀gá kan bá lọ, òmíràn á fagi lé ohun tó ṣe. A ti yọ pátákó. Àwọn eléwé ní ọjọ́ tiwọn lọ́sẹ̀ báyìí, Tísà a sì máa tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń fi ìtẹ́ hàn án. Àwọn méjì bínú kúrò nínú ẹgbẹ́. Tísà ń kí mi, ṣùgbọ́n kì í dúró. Ìyá Kúdí ti fi ṣàkì sílẹ̀. Wọn kì í pe orúkọ mi. “Akọ̀wé” ni wọ́n ń pè mí, gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ wà lẹ́nu wọn. Mo ń jẹ́ ẹ. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, bí wọ́n ṣe ń di ẹrù ewé, tí wọn kò wò mí, wọ́n ní, “Níbo lẹ sin ín sí?” Mo sọ fún wọn pé itẹ́ òkú ìjọ wa ni, pé kò jìnnà. Wọ́n so okùn náà, wọ́n fà á le. Wọ́n ní, “Sátidé, kó wa lọ.”

Ọ̀la nìyẹn, Màámi. Ìdí rèé tí n kò lè jókòó. Ìyá Kúdí àti Ìyá Sàdíá ń bọ̀ wá kí yín, wọ́n ní àárọ̀ kùtùkùtù ni, kí oòrùn tó mú. Wọ́n sì ti sọ fún mi pé kí n dúró lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí a bá débẹ̀, pé àwọn ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ. N kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ó lè jẹ́ ẹkún, ó lè jẹ́ ẹjọ́ mi. Ohunkóhun tó bá jẹ́, ẹ gbọ́ tiwọn tán kí ẹ tó gbọ́ tèmi.

Èmi ni ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀,
tí yóò dúró lẹ́yìn wọn lọ́la.